Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Ìdòwú Wọ Ilé-ìwé

Ìlú Kétu ni wọ́n bí Ìdòwú sí. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ ìdí tí ó fi ń jẹ́ Ìdòwú? Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ́kọ́ bí, òun ni ó tẹ̀ lé wọn. Ọmọ tí a bí tẹ̀ lé ìbejì, Ìdòwú ni, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ìdòwú tiwa yìí, obìnrin ni. Ọmọ ọdún 6 ni.

Bàbá rẹ̀ rí iṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo. Gbogbo wọn ni yóò kó lọ, àfi ìyá àgbà. Inú Táyé àti Kẹ́hìndé dùn. Inú Ìdòwú kò dùn rárá. Ó ní òun kò lọ. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni òun yóò wà, òun yóò máa bá wọn bọ́ adìyẹ.

Ìyá àgbà kò bá a wí. Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n fà á lọ́wọ́, wọ́n mú un lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnu-bodè àtijọ́ tí ó wà ní Kétu títí di òní.

"Ìdòwú, kí ni o rí?"

"Mo rí ògiri amọ̀. Mo rí ilẹ̀kùn ńlá."

"Ó dára. Ní ọdún 1886, ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú yìí. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Kétu di ahoro. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun ọba Dànhọ̀mẹ̀, àwọn ènìyàn wa padà wá. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n po amọ̀, wọ́n tún ilé kọ́."

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ̀rù kò bà wọ́n ni?"

"Ẹ̀rù bà wọ́n, ọmọ mi. Wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n sì ń ṣán igbó."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n di ẹrù sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ gba Pobè kọjá, ó gba Sakété kọjá. Ìdòwú kò wo ìta. Ó sùn lé itan ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi dé Àjàṣẹ́.

Ọjọ́ ìwọlé pé. Ìdòwú wọ aṣọ kakí tuntun. Màdáàmù ń sọ Faransé. Ní Àjàṣẹ́, ènìyàn a máa gbọ́ Yorùbá àti Ègùn nínú ọjà kan náà, ṣùgbọ́n lórí àga tí Ìdòwú jókòó sí, Ègùn nìkan ni àwọn ọmọ ń sọ. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Kò mọ bí yóò ṣe tọrọ omi. Ó gbé orí lé tábìlì. Omijé bọ́ sórí ìwé rẹ̀, ìwé náà sì rin.

Agogo lù. Gbogbo ọmọ sáré jáde. Ọ̀kan kò sáré. Ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í ni.

"Wá!" ni ó wí.

Ìdòwú gbé orí sókè. Ṣé etí rẹ̀ ni?

"Wá!" Ó tún fi ọwọ́ pè é.

Ẹ gbọ́ o: "wá" ni Ègùn ń wí, "wá" ni Yorùbá ń wí, ìtumọ̀ kan náà ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé.

Wọ́n lọ sí ìdí ìkòkò omi. Ọmọ náà bu omi fún un. "Sìn," ni ó wí. Ìdòwú mu ún tán, ó ní, "Sín." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Sìn!" Ìdòwú tún un pè, ó gbà á. Ó wá nawọ́ sí ìkòkò, ó ní, "Omi."

"Òmì," ni ọmọ náà wí.

Ó kan Ìdòwú láti rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pe "omi," wọ́n ń pe "sìn," títí agogo fi tún lù.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìdòwú ṣí ìwé rẹ̀ tí ó rin, ó sá a sínú oòrùn kí ó gbẹ.

"Ṣé o óò lọ lọ́la?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n kò tíì mọ 'adìyẹ'. Lọ́la ni mo fẹ́ kọ́ ọ."

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀

Kí ni ìyá àgbà fi han Ìdòwú ní Kétu? Kí ló dé tí Ìdòwú kò fi lè tọrọ omi? Ní ọjọ́ tí ìwọ kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, ta ni ó kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀, kí ni ó sì wí? Bèèrè nílé: ọ̀rọ̀ mìíràn wo ni Yorùbá àti Ègùn jọ ń sọ? Mú ọ̀kan wá ní ọ̀la.