Kí Ẹ Tó Fi Sìmẹ́ǹtì Dí Ẹnu Ògiri

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ àti ọ̀tá ilé la sábà máa ń fi òwe yìí sọ, débi pé a kì í rántí pé ògiri gidi ni òwe náà ń wò, ògiri amọ̀ tó là. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé baba rẹ̀ ṣe, ì báà jẹ́ ní agboolé kan ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí n'Iléṣà, ibi tí òwe yẹn wò ni kó kọ́kọ́ wò. Kó má tíì ra ọ̀dà, kó má tíì ra sìmẹ́ǹtì. Kó mú pẹ́ńsùlù dání, kó yí ilé po.

Òkú ló sábà ń tún ilé ṣe nílẹ̀ wa. Ilé á wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni kò ní bojú wo òrùlé rẹ̀; ìgbà tí bàbá bá kú, tí ẹbí dá ọjọ́ ìsìnkú, ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri yíká, wọ́n á ti kùn ún, àlejò á dé, wọ́n á ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí ayẹyẹ ìrántí ọdún kan tó pé, sìmẹ́ǹtì yẹn á ti máa ṣí kúrò bí èèpo ara iṣu tó jinná.

Ohun tó ń fà á nìyí. Ògiri amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń tú u sílẹ̀: ó ń fa ọ̀rinrin láti inú ilẹ̀ nígbà òjò, ó ń gbẹ nígbà ọyẹ́. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó mí. Omi tó bá gba ojú ihò kékeré kan wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ tó wà níbẹ̀ á rọ̀, á wú, á tún sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ǹtì tó le gbagidi kò lè bá a wú, kò sì lè bá a sún kì. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ògiri dúró dáadáa. Ẹ fi eegun ìka kàn án wò, ẹ óò gbọ́ pé inú ti ṣófo. Ẹnu ni a dí, aláǹgbá ṣì wà nínú ilé.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ojú ibi tí ògiri ti là ni yóò sọ irú iṣẹ́ tó kàn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta káàkiri lójú ibi tí a rẹ́ nìkan kò léwu. Èyí tó ti igun fèrèsé gbéra, tó sì dagun lọ sókè, ó lè jẹ́ pé pákó tó wà lórí fèrèsé ti jẹra, ó sì lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ń rì lápá kan. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, igun ilé yẹn ló ń rì, tàbí kó jẹ́ igi òrùlé ló ń ti ògiri síta. Òmíràn sì wà tó ń lọ tààrà láti òkè délẹ̀, ní ibi tí ẹnì kan ti fi yàrá búlọ́ọ̀kù lé ara ilé amọ̀. Àwọn méjèèjì kì í gbẹ bákan náà, wọn kì í sì í rì bákan náà. Ẹ má retí pé wọ́n á so pọ̀ láé. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín wọn, kí ẹ kàn rí i pé òjò kò gba ibẹ̀ wọlé.

Pẹ́ńsùlù tí mo ní kí ẹ mú dání, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ fa ìlà kékeré sí òpin ibi tó là, lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì wọn bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹ padà wò ó nígbà tí òjò bá ń parí lọ ní oṣù October, kí ẹ tún wò ó nígbà ọyẹ́. Bí kò bá sún lọ́dún kan gbáko, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹ dí i. Bó bá ń sún, owó tí ẹ bá fi dí i, omi lẹ dà á sí. Bí ògiri bá sì ti fì síta, tàbí tí ọwọ́ lè wọ ojú ibi tó là, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ onílé. Ẹ pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ìdúró ilé.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Orí àti ẹsẹ̀ ni òjò ti ń pa ilé amọ̀. Nígbà tí ewéko la fi ń bo ilé, etí òrùlé máa ń gùn wá sílẹ̀, ó ń ṣíji bo ògiri. Páànù dé, etí kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù, kó jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ó kéré tán. Àṣà tuntun tí a fi ń mọ ògiri ga yí òrùlé ká kí páànù má bàa hàn síta, ó lè dára fún ilé búlọ́ọ̀kù tó ní ọ̀nà omi gidi. Ẹni tó bá ṣe é sórí ilé amọ̀ ti gbé agbada omi lé e lórí. Bí ihò ìṣó nìkan ló ń jò, ẹ má tíì tú páànù. Ẹ pààrọ̀ ìṣó àti rọ́bà ìdí rẹ̀ ná. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ayé ijọ́un kò fi ọ̀rọ̀ òrùlé ṣeré: wọ́n ní ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn èèyàn máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo ààfin. Bí a bá lè fi àtúnṣe òrùlé ṣe ọdún, mi ò mọ ìdí tí tiwa fi gbọ́dọ̀ dúró de òkú.

Ní ti ẹsẹ̀ ilé, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe rere ni, àmọ́ ìdí ògiri amọ̀ kọ́ ni ibi tó ti dára. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé: omi balùwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi tó ń já láti orí páànù, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ọ̀gbàrá ti gbá ilẹ̀ lọ títí ìpìlẹ̀ fi yọ síta. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n da kọnkéré mọ́ ìdí ògiri pinpin, èyí tó ń jẹ́ kí omi ilẹ̀ gba inú ògiri gòkè. Ilẹ̀ pupa ni kí ẹ dà síbẹ̀, kí ẹ gún un kó ki, kí ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ síta, kí ẹ wá la gọ́tà sí iwájú níbi tí omi etí òrùlé ń bọ́ sí. Ṣọ́bìrì àti òógùn ló gbà. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, kò sì sí iṣẹ́ tó rọrùn fún ọwọ́ ara ẹni tó yìí nínú gbogbo àtúnṣe ilé.

Ìgbà tí orí àti ẹsẹ̀ bá gbẹ ni kí ẹ tó rẹ́ ara ògiri. Ẹ ṣí èyí tó ti fò kúrò nìkan. Èyí tó ṣì lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi í sílẹ̀. Amọ̀ tó ya lára ilé náà, ẹ má kó o dànù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ó tún wúlò. Garawa amọ̀ 1 sí yanrìn 2 tàbí 3, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, ni ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn, ó sì ń jẹ́ kó le. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, kí ẹ dúró kó gbẹ. Bó bá là yánnayànna, yanrìn kò tó. Bó bá ń bọ́ sọ́wọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á, amọ̀ ni kò tó. Ẹ wọ́n omi sára ògiri kí ẹ tó fi lé e, ẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì tín-ín-rín. Lẹ́yìn tí òjò bá ti dá ni kí ẹ ṣe é. Ọ̀dà olóróró kò yẹ ògiri yìí, nítorí òun náà kì í jẹ́ kó mí.

Pákó òrùlé ńkọ́? Ẹ fi òòlù kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrókò àtijọ́ sábà máa ń ṣì le ju pákó tuntun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà tàn yín gbé e lọ. Ibi tí ikán bá ti la ọ̀nà amọ̀ gun ògiri, ẹ tọ ọ̀nà náà délẹ̀ kí ẹ tó da oògùn.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Síílìn ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni mò ń bá wí. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ tàbí tí wọ́n tún ṣe kí ọdún 1990 tó dé ló ní in. Bí kò bá fọ́, kò sí wàhálà, ẹ kùn ún, ẹ fi í sílẹ̀. Eruku rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn náà sì lè fara pa mọ́ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ni kó tú u: omi ni yóò kọ́kọ́ wọ́n sí i, yóò lo ìbòmú gidi, yóò sì fi ọ̀rá dì í. Wáyà iná àtijọ́ náà, tí rọ́bà ara rẹ̀ ti ń gé wẹ́wẹ́, oníná tó kọ́ṣẹ́ ni kó fọwọ́ kàn án.

Ó yẹ kí èyí tó kù yìí ṣáájú, mo kàn mọ̀ pé bí mo bá fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò ṣíwèé kọjá ni. Nínú òfin ìbílẹ̀ tí ilé ẹjọ́ wa ń tẹ̀lé, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tìtorí ẹ̀ di onílé. Ilé ẹbí ṣì ni. Ẹ lọ bá Mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ tún ṣe àti ẹni tí yóò máa gbé yàrá wo, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò pé kó bá yín bójú tó o, fọ́tò ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn kò fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ ní kó dúró di ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, kó lọ sẹ́yìn ilé, kó ya fídíò ìdí ògiri níbi tí omi ń gbà lọ, kó sì ya inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó san owó tó kù.