Ẹni Tó Gbé Ẹrù Rù Wá: Ẹ̀kọ́ lórí Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe àti Àtìlẹ́yìn

Ní ọjà Relief ní Onitsha, gẹ́gẹ́ bí ní gbogbo ọjà ńlá, alábàárù kì í dá àpò wíwúwo gbé ka orí ara rẹ̀. Ẹnìkan ni yóò gbé e rù ú. Bó bá sì dé ibi tó ń lọ, ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ̀ ọ́. Ẹni tó ru ẹrù ni gbogbo ọjà ń rí. Àwọn méjì yòókù, ojú kì í sábà tó wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò lè ṣeé ṣe láìsí wọn. Irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí. A ó wo iṣẹ́ wọn níbi tí ewu ti pọ̀ jù, èyíinì ni ìsàlẹ̀ omi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etíkun wa

Odò Ọya tó ń ṣàn kọjá lẹ́bàá Onitsha pín sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kó tó já sí òkun. Ọ̀kan nínú ẹnu àwọn ẹ̀ka náà ni Escravos, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Lójú òkun ibẹ̀ ni Jascon-4, ọkọ̀ ojú omi tí í máa ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá, ti dojú dé ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, ọdún 2013. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà rì dé nǹkan bí mítà 30 nísàlẹ̀. Harrison Okene, tó jẹ́ alásè inú ọkọ̀, rí ibi kékeré kan tí afẹ́fẹ́ há sí. Ó wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn àti òtútù fún nǹkan bí wákàtí 60.

Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ inú ibú wá gbé. Wọn kò retí alààyè. Nígbà tí Nico van Heerden na ọwọ́ mú ohun tó rò pé ó jẹ́ ọwọ́ òkú, ọwọ́ náà dì í mú padà. Kì í ṣe òun nìkan ló rí i. Lórí ọkọ̀ tó wà lókè omi, Colby Werrett, alábòójútó wọn, ń wo ohun gbogbo nínú àwòrán tí ẹ̀rọ orí òmùwẹ̀ ń gbé wá, ó sì ń sọ fún un bí yóò ti fi ọkùnrin náà lọ́kàn balẹ̀.

Ewu kò tíì tán. Ní mítà 30, agbára tó ń tẹ ènìyàn tó ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀. Ara Okene ti fa gáàsì náítírójìn púpọ̀ mu. Bí wọ́n bá fà á sókè lójijì, gáàsì náà yóò hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a mì kí a tó ṣí i, ó sì lè pa á. Nítorí náà, wọ́n fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ móoru, wọ́n fún un ní ohun èlò ìmí, wọ́n sì mú un wọ yàrá irin tí a fi ń sọ àwọn òmùwẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi í sí yàrá irin mìíràn lórí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti dín agbára náà kù díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Okene fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀ inú ibú.

Nínú ihò àpáta Thailand

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ọdún 2018, omi òjò há àwọn ọmọdékùnrin 12 àti olùkọ́ni bọ́ọ̀lù wọn mọ́ inú ihò Tham Luang ní orílẹ̀-èdè Thailand. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, gbogbo wọn ti jáde láàyè. Aráyé mọ àwọn òmùwẹ̀ tó gbé wọn jáde. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ló to sìlíńdà afẹ́fẹ́ sí ojú ọ̀nà ihò náà. Saman Gunan, ọmọ ogun ojú omi tẹ́lẹ̀ rí tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, gbé sìlíńdà wọlé. Ìgbà tó ń padà bọ̀ ni ó kú, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò pẹ̀lú gbà kí omi tí wọ́n ń fà jáde bo oko ìrẹsì wọn. Oko wọn jìnnà sí àwọn ọmọ náà, síbẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó gbà wọ́n là.

Ohun tó kan ẹgbẹ́ wa

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà ìkún-omi, ọkọ̀ ojú omi kan dànù ní Ogbaru, ìjọba ìbílẹ̀ tó bá Onitsha pààlà. Ìjọba kéde pé ènìyàn 76 ló kú. Irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí omi bá gbé ènìyàn ni a ń wá ẹni tí yóò dúró tì í. Kí ẹgbẹ́ tó rán ọmọ ẹgbẹ́ gba orí omi, ó yẹ kí ẹnìkan kọ orúkọ àwọn tó wọ ọkọ̀ àti àkókò tí a ń retí wọn. Kí ẹlòmíràn rí i pé olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí í múni léfòó. Kí ẹnìkan sì ní àṣẹ láti sọ pé ọkọ̀ ti kún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú sí i.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ipò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ẹgbẹ́ tó bá ń yin ẹni tó ru ẹrù nìkan yóò rí i lọ́jọ́ kan pé kò sí ẹni tí yóò gbé e rù ú mọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ àtìlẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ yín tí a kò tíì dárúkọ rẹ̀ rí ní ìpàdé?
2. Bí iná tàbí omi bá dé lónìí, ta ni yóò lọ, ta ni yóò sì dúró láti ka iye ènìyàn?
3. Kí ni olúkúlùkù wa lè yọ̀ǹda, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ Thailand ti yọ̀ǹda oko wọn?