Ẹ̀sọ̀ Nìgbín Fi Ń Gun Igi: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Kan Táǹkì Ogun Kékeré

Ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Òwe yìí ni mo máa ń pa fún àwọn ọmọ wa ní Douglasville, níbí tó wà lójú ọ̀nà I-20 ní ìwọ̀ oòrùn Atlanta, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kan táǹkì ogun tí a ń fi rímóòtù darí. Mótò oníná tó ń sáré jù lọ ni ojú wọn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, táǹkì Sherman gan-an tí Amẹ́ríkà lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí kìlómítà 40 ní wákàtí kan ni eré rẹ̀ mọ lójú títì. Bí ẹ bá kàn án ní ìdá kan nínú mẹ́fà ìwọ̀n rẹ̀, kìlómítà 6 tàbí 7 ti tó o. Ẹni tó ń yára rìn á bá a dọ́gba. Agbára ìyí ló yẹ kí ẹ máa wá.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn táǹkì náà pẹ̀lú bátìrì rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ kílò 40. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò ní yọ mótò lẹ́nu. Ìgbà tó bá fẹ́ yà ni wàhálà dé, torí ṣéènì ẹsẹ̀ kan á máa lọ síwájú, èkejì á máa bọ̀ sẹ́yìn, àwọn méjèèjì á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ilẹ̀. Bí ṣéènì bá fi sẹ̀ǹtímítà 80 tẹ ilẹ̀, tí méjèèjì sì fi 50 jìnnà síra, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè nílò agbára tó lè gbé ẹrù kílò 11 lórí koríko. Amọ̀ pupa Georgia yìí lẹ́yìn òjò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ! Pẹ̀lú wíìlì eléyín tó ń fa ṣéènì, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi Newton-mítà 5.5, wíìlì náà á sì máa yí ní nǹkan bí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan kó lè sún mọ́ kìlómítà 6 náà. Mótò sìkútà oníná, ti fóltì 24 àti wáàtì 250, tó ń yí bí ìgbà 2,700, á ṣe é dáadáa bí ẹ bá fi jíà dín eré rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.

Ọwọ́ ọ̀tún we òsì, òsì we ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Mótò méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Mótò wípà tí wọ́n ń tú lára ọkọ̀ tó ti kú kò wọ́n, ó sì lágbára, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ló ń yára ní apá kan ju èkejì lọ. Torí pé mótò ọ̀tún àti tòsì kọjú síra, táǹkì á máa fì sápá kan. Òmíràn sì wà tó ń fi ara irin rẹ̀ ṣe wáyà nẹ́gétíìfù. Bí ẹ bá dè é mọ́ táǹkì onírin, tí ẹ sì yí iná padà kó lè lọ sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìdarí lè jó. Èmi kò fara mọ́ mótò wípà fún táǹkì tó wúwo. Ti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara sàn jù, torí tọ̀tún-tòsì ni wọ́n ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yára.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ìdarí, ẹ fi mítà wọn bí mótò náà ṣe ń dènà iná tó. Bó bá jẹ́ ohm 0.5, fóltì 24 á fa ámpù 48 bí gbòǹgbò igi bá há táǹkì mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìdarí Sabertooth 2x32 ń gbé ámpù 32 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan láìdúró, ó sì ń gbà tó 64 fúngbà díẹ̀, nítorí náà ó tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fiúsì sẹ́nu bátìrì kí ẹ tó tan táǹkì náà lẹ́ẹ̀kíní.