Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ̀ Nídìí Gémù

Ní sáà tó kọjá, a kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ayò nínú ìpàdé wa, mo sì ṣèlérí pé màá kọ nǹkan lórí méjì nínú wọn: ọ̀ta àti ọ̀pẹ̀. Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta dáadáa. Ọ̀pẹ̀ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo rò pé ojú ọpọ́n ayò ni gbogbo àpẹẹrẹ mi máa ti wá, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa nígbà Kérésì ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sídìí gémù. Ibẹ̀ náà ni màá ti ṣàlàyé rẹ̀, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ní àbúrò, òbí tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ẹ jọ gbá gémù, tí onítọ̀hún ò sì mọ nǹkan kan nínú ẹ̀.

Chikaji níbí ni ilé wa wà (ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbé bọ́dìn, ẹ bi Màámi). Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ àgbègbè yìí ni Bàámi ti ń ṣiṣẹ́. Ṣíìfù ni wọ́n ń ṣe, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan òru. Nítorí náà, tí mo bá wà nílé, wákàtí tí èmi àtàwọn fi ń jókòó pọ̀ kò tó nǹkan, ayò la sì máa ń fi wákàtí náà ta. Àwọn ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọ̀yẹ́ Zaria mú ọpọ́n náà, ó là sí méjì gbọọrọ. Bàámi wò ó, wọ́n wo PS2 tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sí yunifásítì, wọ́n ní, "Ó dáa, kọ́ mi ní tìẹ."

Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo ki FIFA 14 bọ̀ ọ́, torí òun ni mo mọ̀ jù. (Òun náà ni FIFA tó jáde gbẹ̀yìn fún PS2, lọ́dún 2013. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti wà láti ọdún 2000, èyí tí wọ́n sì tà káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 150 lọ, ìyẹn ni ò ṣe tíì tán nílé àwọn ènìyàn.) Mo mú Barcelona. Mo gba páàdì tó dáa, mo fún Bàámi ní èyí tí ọ̀pá òsì rẹ̀ máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, 5–0. Ìkejì, 8–0. Bàámi ò tíì mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fún ẹlòmíì ní bọ́ọ̀lù, èmi sì ń jó nínú pálọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá jẹ góòlù. Nígbà tí ìkẹta dé ìdajì, wọ́n rọra gbé páàdì sórí àga, wọ́n ní àwọn fẹ́ sùn díẹ̀ kí àwọn tó lọ síṣẹ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń wọṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo tún pè wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọdé ẹ máa ṣe é." Lọ́jọ́ kẹta, èsì kan náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí n padà sí bọ́dìn, ọpọ́n ti là, Bàámi ò sì fẹ́ gémù mọ́. Màámi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ò tiẹ̀ gbé orí sókè. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ìwọ ní ayò nìyẹn?"

Rárá o, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ rántí bí ayò ṣe rí: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ, Bàámi kì í mọ̀ọ́mọ̀ fún mi jẹ, torí ọmọdé náà máa ń mọ̀ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í dùn mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé tí mo bá ta á sódì, wọ́n á jẹ́ kí n kó o padà, wọ́n á ní, "Fojú kà á ná, kí o tó fọwọ́ kó o." Ayò pàápàá ní òfin kan tó mọ̀ nípa ọ̀pẹ̀: bí ilé ẹni tí ẹ jọ ń ta bá gbẹ, tí kò ní ọmọ kankan tó lè ta, o gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó bá ṣeé ṣe. Kò sí ayò tí ẹnìkejì ò bá rí nǹkan ta.

Ibo ni èmi ti wá kọ́ ìwà ìkà? Ní ṣọ́ọ̀bù gémù ni. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá borí ló ń jókòó, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹlòmíì á sì gba páàdì. Ẹ ń sanwó lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fi owó ara rẹ̀ kọ́ àlejò. Lójú tiwa, bí a ṣe ń gbá gémù nìyẹn. Ó dáa ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú pálọ̀, èèyàn méjì péré ló wà, bí ọ̀kan bá dìde, gémù ti tán.

Mo kó gbogbo CD mi jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bi ara mi pé: bí ọ̀pẹ̀ bá ṣàṣìṣe nínú èyí, ìgbà wo ló máa tó padà sínú eré? Ṣé ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe, àbí ó kàn ń tẹ̀ lé mi kiri? Àti pé, ṣé mímọ̀ tí èmi mọ̀ ọ́n máa ràn án lọ́wọ́, àbí òun gan-an ló máa pa á?

Ìbéèrè kẹta yìí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ẹ bá ti jọ wà ní ìhà kan náà, wàhálà ti tán. Irọ́ ni. Ẹ wo Contra, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa gbá lórí ẹ̀rọ oníkásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń bá ọ̀tá jà, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí mẹ́ta péré lẹ ní níbẹ̀rẹ̀, ọta ìbọn kan ṣoṣo tó láti pa yín. Èyí tó burú jù ni ìpele kẹta, níbi tí omi ti ń ya láti orí àpáta. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ṣe ń fò lọ sókè ni ojú tẹlifíṣọ̀n ń bá a gòkè, ẹni tó bá sì kù sísàlẹ̀, ó kú nìyẹn. Bí o bá ṣe já fáfá tó ni o ṣe máa pa ẹnìkejì rẹ tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tẹ àwọn bọ́tìnì kan tẹ̀ léra níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀mí lè di 30.

Èyí tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bàámi ni LEGO Star Wars, tó jáde ní 2005. Mo ti ń fojú gémù àwọn ọmọ kékeré wò ó tẹ́lẹ̀, ojú sì tì mí díẹ̀. Bí ẹ bá kú nínú ẹ̀, owó wẹẹrẹ tí ẹ ti ṣà ló ń fọ́n dànù, ẹ ó sì jí dìde níbi tí ẹ kú sí, kò sí pé ó tán. Kámẹ́rà ló ń tẹ̀ lé yín fúnra rẹ̀, nítorí náà ọ̀pẹ̀ ò ní máa fi àtàǹpàkò méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló sì máa ń pa ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Iṣẹ́ tún pín síbẹ̀: àwọn kan ló ń fi agbára gbé nǹkan láti òkèèrè, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń jẹ́ R2-D2 ló sì ń ṣí àwọn ilẹ̀kùn kan. Mo fi Bàámi sí R2-D2. Láìpẹ́, èmi ni mò ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí mò ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣí i." Ẹ̀rín pa wọ́n. Àbùkù kan ló ní: ojú tẹlifíṣọ̀n kan náà lẹ jọ ń lò, bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, ẹ ó máa fa ara yín bí ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ okùn kan.

Tekken ya mí lẹ́nu. Ìjà ni, èmi àtàwọn lójúkojú, mo sì rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù náà ló máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì mẹ́rin ibẹ̀, ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ni: ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà mí láti ṣàlàyé ẹ̀. Ọkùnrin kan tún wà níbẹ̀, Eddy Gordo, tó ń fi ijó capoeira ti Brazil jà, ó ti gbajúmọ̀ láti Tekken 3 pé ẹni tó bá kàn ń tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ ṣáá lè fi nà ọ́. Bàámi fi nà mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìjà kan ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kí ìtìjú tó dé, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní gbá a pẹ́ jù pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ ṣá, torí tí o bá ti dákẹ́ tí o ń dènà nìkan, adùn ẹ̀ á lọ. Ti eré mọ́tò, ẹ fi sílẹ̀. Kálukú ló ń sá lọ ní ìlàjì ojú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní PS4 nílé, ẹ wá It Takes Two, tó jáde ní 2021. Kò ṣeé dá gbá rárá, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ohun tí wọ́n sì ń kó lé ọ̀kan lọ́wọ́ máa ń yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Overcooked náà wà, ti 2016, ilé ìdáná ni: ọ̀kan ń gé nǹkan, ọ̀kan ń sè é, ẹnì kan ń fọ àwo. Ó dùn, ṣùgbọ́n aago ń sáré, ariwo sì máa ń pọ̀. Ẹ má gbá a pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò bá lè jágbe mọ́. Èmi ò jẹ́ gbá a pẹ̀lú Bàámi.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, bọ́ọ̀lù yẹn náà la padà sí. Àwọn ni wọ́n ní ká gbé e wá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé páàdì méjèèjì sí ìhà kan náà, èmi àtàwọn, kọ̀ǹpútà ni ọ̀tá wa, ní ìpele tó rọrùn jù. Páàdì tó dáa ni mo fún wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: a máa ń fún àlejò ní páàdì tó ti bàjẹ́, a ó wá ní kò mọ̀ ọ́n gbá.) Bọ́tìnì méjì péré ni mo kọ́ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "X ẹ fi fún mi, òdo pupa ẹ fi gbá a sílé." Èyí tó kù, mo pa ẹnu mọ́ lórí ẹ̀. Mi ò sì gba páàdì lọ́wọ́ wọn láti fi hàn wọ́n, tó jẹ́ pé ká ní àbúrò mi ni, màá ti já a gbà ní ìgbà ogún. Ọmọ kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ bàbá, ìyẹn ló gbà mí. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta mo rí i pé wọ́n ti fúnra wọn wá bọ́tìnì tí wọ́n fi ń sáré rí.

Chelsea ni wọ́n mú, torí Mikel. Nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní Èkó ní 1980, tí wọ́n na Algeria ní 3–0, tí Segun Odegbami jẹ méjì nínú ẹ̀, ọmọdé ni Bàámi, rédíò ni wọ́n sì fi gbọ́ ọ. Kí ni mo ń sọ? Páàdì ni wọn ò mọ̀, wọ́n mọ bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe ń fi bọ́ọ̀lù yí ká ni wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ̀gbẹ́! Lọ sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ṣófo!" Mo bá wò ó, ibẹ̀ sì ṣófo lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tí mò ń nà wọ́n ní 8–0 yẹn, wọ́n ń rí ohun tí èmi ò rí, àtàǹpàkò wọn ni kò tíì gbọ́rọ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n wọlé, wọ́n ní ká gbé e lọ sí ìpele kejì. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti fojú wa rí nǹkan. Lálẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, a fẹ́ gba ọ̀mì, 2–2, ó ku ìṣẹ́jú méjì, Bàámi ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán, bàtà ló kù. Mo fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n sáré dé ìdí ẹ̀, NEPA mú iná lọ.

A jókòó sínú òkùnkùn. Bàámi ní, "Góòlù ni yẹn." Mo ní, "Góòlù ni, sà."

Ọpọ́n ayò ti wà lọ́dọ̀ káfíńtà. Wọ́n ní kó máà wulẹ̀ kánjú.