Ọmọ Yó, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Jẹun?

Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí. Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:3–16

Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀kọ́ oṣù yìí lórí oúnjẹ àwọn ọmọ wa. Mo gbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan.

Nígbà tí ọmọ mi kejì jẹ́ ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní wọ́ọ̀dù. Bí mo bá dé ilé láàárọ̀, oorun a ti máa kùn mí. Ohun tí ó yá jù ni kí n ki ìgò mílíìkì bọ ọmọ lọ́wọ́. Yóò mu ún, yóò dákẹ́, èmi náà yóò sì rí oorun díẹ̀ sùn. Ẹni tí ń bá wa tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án a tún fún un ní méjì, bàbá rẹ̀ a fún un ní òmíràn lálẹ́ kí ó lè sùn. Ọmọ náà sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá a máa gbà á gbé, wọn a ní, "Ìyá yìí mà ń tọ́jú ọmọ o!" Inú mi a sì dùn. Bí a bá gbé ìrẹsì tàbí ẹ̀wà síwájú rẹ̀, a yí ojú kúrò. Mo ní, "Kò burú, ó ṣáà ń mu mílíìkì."

Nígbà tí ó yá, mo rí i pé kò sáré bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣe nǹkan kan. Mo tún rí i tí ó ń ya ìwé jẹ, tí ó sì ń họ ara ògiri sẹ́nu. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Èmi nọ́ọ̀sì, tí mo ń la àwọn ìyá mìíràn lóye, ọmọ tèmi yó bámúbámú lójú mi, ebi sì ń pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú tì mí gidigidi. Nítorí náà, bí mo bá ń báni wí nínú ẹ̀kọ́ yìí, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá wí.

Ohun tí a rí kọ́ lára Dáníẹ́lì

Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọmọ tí ń gbé ní ilẹ̀ àjèjì, bí àwọn ọmọ tiwa. Wọ́n gbé oúnjẹ ààfin síwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe nítorí ìlera ni Dáníẹ́lì ṣe kọ oúnjẹ náà. Kò fẹ́ sọ ara rẹ̀ di àìmọ́ níwájú Ọlọ́run ni. Èmi náà kò sì sọ pé oúnjẹ òyìnbó jẹ́ àìmọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni bí wọ́n ṣe dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀rù ń ba olórí àwọn ìwẹ̀fà pé wọn yóò rù. Dáníẹ́lì wá bẹ ẹni tí ń tọ́jú wọn pé kí ó fi ẹ̀wà àti omi dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọn kò bi wọ́n bóyá wọ́n yó. Ojú wọn ni wọ́n wò. Ohun tí oúnjẹ ṣe nínú ara ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́. Ìyẹn ni kókó ẹ̀kọ́ wa: ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ yó, ọ̀tọ̀ ni kí ó jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Nílé, nígbà kan, bí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ògì ni láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ògì lálẹ́. Inú ọmọ kún, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú ògì. Èròjà tí ń mú ara dàgbà kò tó nínú rẹ̀. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí a bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ó tọ́jú ní Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà lónìí. Ní ọdún 1935, ó kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, ìyẹn àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ojú àwọn ọmọ wọ̀nyí a wú, ẹsẹ̀ wọn a wú. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé wọ́n sanra ni.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ó sì tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Nínú iṣẹ́ yẹn ni káàdì kan ti jáde, tí a fi ń sàmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ sì ń tọ́jú. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá dúró sójú kan tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, a ti mọ̀ kí àìsàn tó dé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìlà inú ìwé pupa tí wọ́n ń fún wa ní ìlú yìí nígbà tí a bá bímọ, ẹ má wò ó bí ohun àjèjì. Ẹ mú ìwé náà jáde nínú àpótí, kí ẹ sì máa gbé ọmọ lọ wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ìlà nìkan kò sọ ohun gbogbo. Ìlà ọmọ tèmi ń gòkè. Mílíìkì ni ó ń gbé e gòkè. A ní láti wo ohun tí ń wọ ẹnu ọmọ pẹ̀lú.

Ibi mẹ́ta tí a ti ń ṣìṣe

Èkíní ni mílíìkì. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pupa ni èròjà tí wọ́n ń pè ní iron. Ọmọ a máa gbé díẹ̀ wá láti inú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, èyí tí ó gbé wá kò tó o mọ́. Oúnjẹ ni yóò ti máa rí i. Iron inú mílíìkì màlúù kéré gan-an. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, ẹ má ṣe fi mílíìkì màlúù ṣe ohun mímu rẹ̀ gangan. Ọmú ìyá tàbí mílíìkì ọmọ ọwọ́ ni kí ó máa mu. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 350 sí 400 ml lóòjọ́ tó. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ kò ní gba oúnjẹ mọ́. Ẹ já a kúrò lẹ́nu ìgò, kí ó máa fi kọ́ọ̀pù mu. Ẹ má sì fún ọmọdé ní tíì pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gba iron dáadáa. Ọsàn ni kí ẹ fi tẹ̀lé ẹ̀wà. Ọsàn a máa ran ara lọ́wọ́ láti gbà á.

Èkejì ni ohun mímu dídùn. Agolo kola kan tí ó jẹ́ 330 ml, tí kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà, ní ṣúgà 35 gíráàmù, nǹkan bí hóró mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún 4 sí 6 kò yẹ kí ó ju hóró márùn-ún lọ lóòjọ́, nínú gbogbo ohun tí ó bá jẹ tí ó sì mu. Ọmọ ọdún 7 sí 10 kò yẹ kí ó ju mẹ́fà. Ẹ má sọ pé mọ́ọ̀tì yàtọ̀ nítorí pé ó ń "fún ẹ̀jẹ̀". Ẹ ka ohun tí a kọ sára agolo rẹ̀. Ní England, fún ọ̀pọ̀ ọdún, eyín jíjẹrà ni ó ń gbé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 9 dé ọsibítù ju ohunkóhun lọ. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú eyín ọmọdé lábẹ́ NHS, ṣùgbọ́n omi lásán sàn ju kí a máa yọ eyín lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ má bínú sí mi: àwa náà ń dá kún un nínú ìjọ. Ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí, ìdúpẹ́, agolo ni a ń kó síwájú àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá dáhùn ìbéèrè ní Sunday School, súìtì ni ẹ̀bùn wọn. Ǹjẹ́ a kò lè gbé omi àti ọsàn sórí tábìlì kan náà?

Ẹ̀kẹta ni òòrùn. Ara ni ó ń ti inú òòrùn ṣe fítámì D, tí ń mú eegun le. Awọ dúdú tí Ọlọ́run fi dáàbò bò wá lọ́wọ́ òòrùn ilé nílò òòrùn púpọ̀ ju awọ funfun lọ kí ó tó ṣe ìwọ̀n kan náà. Ní ilẹ̀ yìí, láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, òòrùn kò lágbára tó. Ọmọ tí kò ní in tó, eegun rẹ̀ a rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ bí ọrun. Nítorí náà ni NHS ṣe ní kí ọmọ ọdún 1 sí 4 máa lo 10 microgram fítámì D lójoojúmọ́. Ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú ń lò ó, àfi èyí tí ó ń mu ju 500 ml mílíìkì ọmọ ọwọ́ lọ lóòjọ́. Àwa àgbà aláwọ̀ dúdú náà, ó yẹ kí a lò ó yí ọdún ká. Ẹ bi health visitor yín nípa Healthy Start. Ìdílé tí owó rẹ̀ kò tó lè rí fítámì gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni kí a wá sè?

Mo mọ̀ pé ẹ̀fọ́ wọ́n ní Peckham, mo sì mọ̀ pé ó ń rẹ̀ yín. N kò ní kí ẹ gún iyán lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ̀wà kò wọ́n. Ẹ se mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kó o sínú fírísà. Ẹyin kan pẹ̀lú búrẹ́dì dára ju bísíkíìtì lọ. Sàdíìnì inú agolo, ẹ̀fọ́ dídì láti ṣọ́ọ̀bù, gbẹ̀gìrì tí kò ta, gbogbo rẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ. Bí ẹ bá ń fún un ní ògì, ẹ po ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná mọ́ ọn. Odidi ẹ̀pà kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí ó má baà há a lọ́fun. Ní England, àwọn ọmọ Reception, Year 1 àti Year 2 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2014. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́.

Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, ẹ má rọ ọ́ sí i lọ́fun, ẹ má sì sáré gbé ìgò. Ẹ gbé e kúrò, kí ẹ tún gbé díẹ̀ wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó lè tó ìgbà mẹ́wàá kí ọmọ tó gba oúnjẹ tuntun. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.

Ìdánwò ọjọ́ mẹ́wàá

Fún ọjọ́ méjì, ẹ kọ gbogbo ohun tí ọmọ yín jẹ àti ohun tí ó mu sílẹ̀. Ẹ má fi bísíkíìtì pamọ́. Lẹ́yìn náà, fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ohun mímu rẹ̀ jẹ́ omi, pẹ̀lú mílíìkì níwọ̀nba, kí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí ẹran sì wà nínú oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ẹ wá wo bí ó ṣe ń jẹun.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ jù, bí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ bá funfun, bí ó bá ń jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ má sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ti àgbàlagbà. Ó lè pa ọmọdé.

Oògùn tí dókítà kọ àti oúnjẹ tí a yí padà ni Ọlọ́run fi gba ọmọ tèmi. Kò rọrùn. Ó sunkún ìgò fún òru mélòó kan, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ń sáré kiri inú ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá fi ní kí n wá mú ọmọ mi. Inú mi dùn sí ìyẹn ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ kíkún lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kí ni ọmọ wa mu lánàá, ìgbà mélòó sì ni?
2. Èwo nínú ohun tí a ń fún un ni a fi ń pa á lẹ́nu mọ́, tí kì í ṣe oúnjẹ?
3. Nígbà wo ni a wo ìwé pupa rẹ̀ gbẹ̀yìn?
4. Kí ni a lè yí padà níbi àpèjẹ wa nínú ìjọ?

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n àti sùúrù láti bọ́ àwọn ọmọ tí ó fi sí wa lọ́wọ́. Àmín.