Íntánẹ́ẹ̀tì Àjọlò: Kí Ni Ó Yẹ Kí Á Bèèrè Kí Á Tó Dáwó Jọ?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ ní ilé ayálégbé púpọ̀: íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ dáwó rà, tí kò sì ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti rò. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ń gba iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aránṣọ ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà, áfáà sì lè jókòó sí Ìlọrin kí ó máa kọ́ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n ní kéwú. Bí ó bá já ní àárín ẹ̀kọ́, oúnjẹ ẹnì kan ni ó já yẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó yé wa ni nọ́ńbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń kọ sára pátákó ìpolówó. Bí wọ́n bá kọ 50 Mbps, bíìtì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe báìtì, bíìtì 8 ni ó sì wà nínú báìtì 1. Ìwé tàbí fídíò tí a fẹ́ fà wálẹ̀, báìtì ni a fi ń wọ̀n wọ́n. Èyí túmọ̀ sí pé 50 yẹn kò lè gbé ju nǹkan bíi MB 6 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwé tí ó jẹ́ MB 60 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni o ń lò ó. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré tí ó sábà máa ń ṣáájú nọ́ńbà náà: “títí dé”. Ẹni tí ó sọ pé òun yóò san títí dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà fún ọ kò tíì ṣèlérí kọ́bọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé kan tí èèyàn mẹ́jọ ń gbé ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, gbogbo wọn ti dé. Mẹ́ta ń wo fídíò tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi Mbps 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Méjì wà nínú kíláàsì orí fídíò. A lè ka Mbps 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di 23. Àwọn mẹ́ta yòókù ń ka ìròyìn, wọ́n sì ń fi ohùn ránṣẹ́. Fóònù tí ó wà lórí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, náà ń fa nǹkan tirẹ̀ wálẹ̀ láìsọ fún olówó rẹ̀. Ilé yìí kò lè fi Mbps 10 rọ́gbọ́n kankan dá, ṣùgbọ́n kò nílò 100 pẹ̀lú. Nǹkan bíi 30 tí kò yẹsẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sàn fún wọn ju 100 tí ó ń di 4 nígbà tí gbogbo àdúgbò bá wọlé. Wákàtí tí èrò pọ̀ jù lọ ni kí á fi ṣe ìwọ̀n, kì í ṣe òwúrọ̀ kùtù.

Ọ̀nà wo wá ni kí á gbà? Èyí tí ó rọrùn jù ni ráútà tí a ń ti síìmù bọ̀, ti 4G tàbí 5G. Kò sí ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, a lè gbé e kó lọ sí ilé mìíràn, owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé òpó kan náà ni gbogbo àdúgbò ń pín lò. Ògiri ilé àti jíjìnnà sí òpó náà ń dín agbára rẹ̀ kù, pàápàá ti 5G.

Ọ̀nà kejì ni fáíbà, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí a fi dígí ṣe, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ó bá ti dé òpópónà yín, òun ni àwa yóò kọ́kọ́ yàn, nítorí pé kò mọ òjò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì sábà máa ń yára láti fi nǹkan ránṣẹ́ bí ó ti ń yára láti gbà á. Olùkọ́ orí fídíò nílò èyí gan-an, nítorí pé ojú àti ohùn rẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń la ọ̀nà máa ń fi ẹ̀rọ já a. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tún un ṣe bí ó bá já, kí ẹ sì lọ bèèrè bákan náà lọ́wọ́ aládùúgbò tí ó ti ń lò ó. Ìdáhùn aládùúgbò ni kí ẹ mú.

Ẹ̀kẹta ni sátẹ́láìtì. Àwọn ti àtijọ́ ga ju ilẹ̀ lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000, tó bẹ́ẹ̀ tí ìbéèrè àti ìdáhùn fi ń gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lójú ọ̀nà nìkan. Ti Starlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 2023, kò ga ju nǹkan bíi kìlómítà 550 lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kì í fi í pẹ́ lójú ọ̀nà. Ó dára fún abúlé àti ìgbèríko tí fáíbà kò dé. Àmọ́ àwo rẹ̀ wọ́n, ó fẹ́ ojú ọ̀run tí igi tàbí ilé gíga kò dí, iná tí ó sì ń jẹ lè tó wáàtì 50 sí 100, nígbà tí ráútà lásán kì í sábà ju wáàtì 15 lọ. Ẹni tí kò ní ínfátà tí ó lágbára yóò máa wo àwo lórí òrùlé nígbà tí iná bá lọ.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní tòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ máa ní síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn nípamọ́ fún ọjọ́ ìdánwò.

Kí ẹ tó san owó ọdún kan, ẹ yá síìmù ilé-iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ tọrọ àyè lọ́dọ̀ aládùúgbò, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wọn ìyára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́: lẹ́yìn Àsùbáà, ní ọ̀sán, àti lẹ́yìn Iṣáì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n nípa dátà tí wọ́n ní kò lópin, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní òpin tí wọ́n kọ ní lẹ́tà kéékèèké. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ó di ìjàpá. Fídíò tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan. Èèyàn mẹ́ta, wákàtí méjì ní alaalẹ́, GB 18 nìyẹn, lóṣù, 540. Bí wọ́n bá dín bí àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ kù, ó lè wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Láti oṣù Kìíní 2025 tí àjọ NCC ti fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní àyè láti fi owó kún owó títí dé ìdá 50 nínú 100, ìṣirò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ó ku ọ̀rọ̀ àárín ara wa, ibẹ̀ ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kò mọ èèyàn mẹ́jọ. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Bí ẹni náà bá kó kúrò ńkọ́? Bí ẹnì kan bá rìnrìn-àjò fún oṣù méjì, ṣé yóò san? Ta ni ó lè fún àlejò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé? Ṣé ẹni tí ń wo bọ́ọ̀lù ní gbogbo òru yóò san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ń ka lẹ́tà nìkan? (Àwa rò pé kò yẹ.) Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Àyà tí ó gùn jù nínú Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Súúrátùl-Bákọ́rà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó wà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìwé kíkọ láàárín ọ̀rẹ́ jẹ́ àìfọkàntánni.

A tún ti rí ilé tí wọ́n gbé ráútà sí yàrá ọkùnrin ní iwájú, tí àwọn arábìnrin tí ó wà lẹ́yìn ilé ń san owó kan náà, tí ohun tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn kò sì tó fi ohùn ránṣẹ́. Èyí kò dára. Àárín ilé ni kí ẹ gbé e sí, ní òkè, kí ó jìnnà sí fìríìjì àti pákó onírin. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri já ju 5 GHz lọ, 5 GHz sì yára jù nínú yàrá tí ráútà wà. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ padà ní ọjọ́ kìíní.

Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú ìwé owó àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà já. Bí ó bá bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ni kí ó kọ́kọ́ pè, kí ó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, kí ó pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni.