Lẹ́tà sí Àjàní, Lórí Owó Oṣù Rẹ̀ Àkọ́kọ́

Iléṣà.

Àjàní ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àjàní, ọmọ Ọwá Obòkun, ọmọ òṣómàáló tí í fi ẹsẹ̀ la ọjà já títí dé ilẹ̀ òkèèrè, ọmọ ẹni tí kì í gbàgbé gbèsè, ì báà ṣe èyí tí ó jẹ tàbí èyí tí a jẹ ẹ́, mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí i kà níbẹ̀ pé ibi iṣẹ́ tí o wọ̀ ní Ìbàdàn ti san owó oṣù àkọ́kọ́ fún ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè tí kò jẹ́ kí òógùn ìyá rẹ ṣòfò, nítorí ìṣojú mi ni obìnrin náà ṣe ń dúró ti iná gàrí lóru, lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti papòdà, tí èéfín ń ta á lójú, tí ó sì ń ṣírò owó ilé-ìwé rẹ lọ́kàn bí ó ti ń ro agbada.

O béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni ìwọ yóò ti pín owó kékeré yìí tí gbogbo ẹbí yóò fi mọ̀ pé ìwọ kò gbàgbé wọn. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń fẹ́ kí o máa wá kiri ni bí ẹlòmíràn nínú ilé wa yóò ti dé ibi tí ìwọ dé lónìí, ì báà jẹ́ pé àwọn kan nínú ẹbí yóò máa kùn sí ọ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn baba wa ní, bí olówó kan bá wà láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì ti di méje. Bí o bá ń fún ẹni mẹ́fà ní owó ọbẹ̀ lóṣooṣù, wọn yóò jẹ ẹ́ tán, ìwọ náà yóò sì gbẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ̀kan nínú wọn di ẹni tí ó lè dá dúró, ẹ ti di méjì tí ẹ ó jọ máa gbé ẹrù náà.

Ọ̀nà yìí ni ìwé fi wọ ilé wa. Kí ọdún 1955 tó dé, owó ni a fi ń wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, àgbẹ̀ tí ó bá sì bí ọmọ púpọ̀ a yan ọ̀kan sí ìwé, a kó àwọn yòókù lọ sí oko. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, lẹ́yìn tí Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ètò náà ka iwájú ilé ìgbìmọ̀ ní ọdún 1952; àwọn ọmọ tí wọ́n lé díẹ̀ ní 450,000 ní ilé-ìwé ní ọdún 1954 sì di ohun tí ó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan ṣoṣo. Èmi wà nínú wọn. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀, nítorí náà tíṣà ní kí n na apá ọ̀tún kọjá lórí, nígbà tí ìka mi sì kan etí òsì, ó kọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n bàbá-bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, ti di géńdé nígbà náà. Oko kòkó ni ọdún náà bá wọn, ọ̀fẹ́ náà kò sì kàn wọ́n.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún ọ pé ọ̀fẹ́ náà kò ní ẹni tí ó san owó rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n san án, nínú kòkó àti nínú owó-orí, ó sì ro ọ̀pọ̀ nínú wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fi fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso, nínú ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ti ọdún 1954, tí owó-orí ẹ̀kọ́ yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á. Ní ìlú wa níhìn-ín pàápàá, àgbàjọ ọwọ́ ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà fi dá Ilé-Ìwé Girama Iléṣà sílẹ̀ ní ọdún 1934, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, tí kò mọ̀ ọ́n kọ sì wà nínú àwọn tí wọ́n ń dáwó kí ọmọ ọlọ́mọ lè kàwé. Ẹ̀gbọ́n mi san owó-orí náà láìkùn, àwọn náà ni wọ́n sì ra aṣọ kákí, sílétì àti ìwé fún mi. Nígbà tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí gba owó oṣù, wọn kò béèrè aṣọ òkè, wọn kò béèrè kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ, àkọ́bí wọn, ni wọ́n mú wá fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n rán an lọ sí girama. Bàbá rẹ kàwé, ìwọ náà sì kàwé.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ Àlàbí dáadáa. Nígbà tí bàbá yín kú, owó gàrí kò lè gbé ọmọ méjì ní girama lẹ́ẹ̀kan náà, òun tí ó dàgbà jù ni ó sì bọ́ aṣọ ilé-ìwé sílẹ̀ tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, kì í ṣe pé ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí, nítorí èmi fúnra mi yẹ èsì ìdánwò rẹ̀ wò, mo sì mọ̀ pé orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò jù ọ́ lọ. Ó ń po sìmẹ́ǹtì, ó ń ru búlọ́ọ̀kù gun àkàbà, ó sì ń fi nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ ní yunifásítì títí o fi gba oyè. Òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan: bí ìpàdé ẹbí bá dé, àwọn ènìyàn yóò máa wo ẹnu rẹ kí wọ́n tó wo ẹnu rẹ̀, nítorí wọ́n mọ ibi tí owó wà. Má gbà fún wọn. Bí o bá wọ ilé, dọ̀bálẹ̀ fún un bí o ti ń ṣe nígbà tí o kò ní nǹkan kan, máa pè é ní ẹ̀gbọ́n níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n kàwé, kí o sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé máa ti ẹnu rẹ̀ jáde, ì báà jẹ́ owó tìrẹ ni a ó ná sí i. Má sì ta á lọ́rẹ bí ẹni ń fún alágbe. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ má ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí owó níwọ̀n ìgbà tí o bá wà láàyè, kí o sì ra ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù fún un nígbà tí agbára rẹ bá ká a, kí òun náà lè gba ọmọṣẹ́.

Èyí tí ó yá jù nísinsìnyí ni ti àbúrò rẹ Àbẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn kan nílé ti ń wí pé kí a wá ọkọ fún un, pé ilé ìdáná ni ìwé obìnrin í parí sí. Ọ̀rọ̀ burúkú ni; ìwé ni kí o rán an. Wo Awólọ́wọ̀ tí mo dárúkọ rẹ̀ lókè: ó kù díẹ̀ kí ó di ọ̀dọ́ nígbà tí baba rẹ̀ kú, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣa igi ìdáná, kí ó tó lè kàwé, ó ṣe òwò, òwò náà dojú dé, síbẹ̀ ó ń gba ẹ̀kọ́ yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ilé rẹ̀, ó sì gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1944. Ọdún náà gan-an ni ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, tí ó ti di ọkọ àti baba ọmọ, a sì gbà á sí ẹgbẹ́ amòfin ní ọdún 1946. Ta ni ó ń tọ́jú ilé? Ìyá Dídéolú aya rẹ̀ ni, pẹ̀lú òwò tí ó ń ṣe. Bí obìnrin bá lè fi ọjà gbé ilé ró báyìí, kí ni ẹni tí ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìwé tún wà lórí rẹ̀, kò níí lè ṣe? Kí o sì rí i nínú ìtàn ọkùnrin yìí pé gbígbọ́ bùkátà kò dá ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dúró. Má jẹ́ kí ó dá tìrẹ dúró.

Nípa ti owó fúnra rẹ̀, n kò níí pẹ́. Sọ iye tí ó ń wọlé gan-an fún ìyá rẹ, má bù ú kù, má bù sí i, kí o sì ya iye kan sọ́tọ̀ fún un lóṣooṣù tí kò níí yẹ̀, nítorí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ rẹ. Má yá owó nítorí aṣọ ẹbí tàbí ìnáwó òkú, pàápàá jù lọ lọ́wọ́ àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù, tí wọn yóò máa pe gbogbo ojúlùmọ̀ ẹni láti fi gbèsè dójú tì í. Bí o bá kọ̀ fún ẹnikẹ́ni, fi ẹnu tútù kọ̀, kí o sì wí fún un ohun tí o ń fi owó náà ṣe. Ilé kíkọ́ kò tí ì kàn ọ́; ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Àkókò ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò Àbẹ̀kẹ́ kò jìnnà mọ́. Jọ̀wọ́, fi owó ìdánwò náà ránṣẹ́ sí Àlàbí, má fi ránṣẹ́ sí èmi, kí òun ni ó mú àbúrò yín lọ kọ orúkọ. Bí o bá sì ti ṣe é, kọ̀wé sí mi.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá-bàbá rẹ.